Géèmù tẹ́nìsì tí fóònù jẹ́ rákẹ́ẹ̀tì: apá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, géèmù ti gbá bọ́ọ̀lù

Ọmọ_Kóòdù

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Géèmù tẹ́nìsì ni mò ń kọ. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé pápá jáde sójú tẹlifíṣọ̀n, fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣeré ló sì jẹ́ rákẹ́ẹ̀tì. Kò sí áàpù tí wọ́n máa gbé sórí fóònù, ojú ìwé kan ni wọ́n ń ṣí nínú bíráúsà. Ojú ìwé yẹn á ka sẹ́ńsọ̀, á sì máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà lórí Wi-Fi, nípasẹ̀ WebSocket (ọ̀nà kan tí bíráúsà ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láìdáwọ́ dúró), ìgbà 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan.

Òfin tó ń dá ìfì (bí ẹni tó ń ṣeré ṣe ń fi apá fì fóònù) mọ̀ kò ju ìlà kan lọ: bí accelerometer (sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí eré fóònù ṣe ń yí padà) bá ti kà ju 20 m/s² lọ, géèmù á gbá bọ́ọ̀lù. Wàhálà mẹ́ta ló ti ibẹ̀ jáde. Bí èèyàn bá gbé apá sẹ́yìn láti múra, géèmù á ti gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì dé. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, gbogbo ìfì ló ń pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹ̀kẹta ni pé rákẹ́ẹ̀tì ojú skíríìnì ń yà díẹ̀díẹ̀. Kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, ògiri ló ń kọjú sí.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

---

Àgbà_Sẹ́ńsọ̀

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tí o gbára lé ni ká kọ́kọ́ yí padà.

Accelerometer ń ka òòfà ilẹ̀, ó ń ka gbígbọ̀n ọwọ́, ó tún ń ka agbára tó ń fa fóònù nígbà tí apá bá ń yí. Ó á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú nọ́ńbà kan, kò sì ní sọ èwo ni ti èwo fún ẹ. Gyroscope ò ka nǹkan míì ju bí fóònù ṣe ń yí lọ. Yíyí sì ni ìfì tẹ́nìsì: èjìká ń yí, ìgbọ̀nwọ́ ń yí, ọrùn ọwọ́ ń yí.

Ṣe ìṣirò yìí wò. Ká ní apá ń yí ní dígíríì 800 ní sẹ́kọ́ńdì kan, fóònù sì jìnnà sí èjìká ní mítà 0.6. Dígíríì 800 yẹn tó radian 14. 14 lọ́nà 14, lọ́nà 0.6, á fún ẹ ní nǹkan bíi 117 m/s², ìyẹn òòfà ilẹ̀ lọ́nà méjìlá. Sẹ́ńsọ̀ tí agbára rẹ̀ bá parí sí 8 g (òòfà ilẹ̀ lọ́nà mẹ́jọ) á kàn máa tún nọ́ńbà kan náà kọ ní gbogbo àárín ìfì náà, níbi tí ó yẹ kó ti sọ òótọ́ fún ẹ gan-an. ADXL330, accelerometer tó wà nínú ẹ̀rọ ọwọ́ Wii ti Nintendo lọ́dún 2006, ±3 g péré ni, kò sì ní gyroscope rárá. Ọdún 2009 ni MotionPlus, àfikún tó gbé gyroscope wá, dé. Síbẹ̀, tẹ́nìsì inú géèmù Wii Sports dùn ún gbá. Ìdí ni pé géèmù yẹn ò béèrè bí apá rẹ ṣe rìn, ìgbà tí o fì í ló ń béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré kiri pápá fún ẹni tó ń ṣeré. Ìwọ náà, ìgbà tí wọ́n fì í ni kí o kọ́kọ́ mọ̀ dájú, ká tó sọ̀rọ̀ nǹkan míì.

Ó wá ku apá tó ń lọ sẹ́yìn. Gba ọ̀nà òkè lọ́wọ́ accelerometer nígbà tí fóònù bá dúró jẹ́ẹ́, sọ ọ́ di vector (ọfà tó ń tọ́ka sí ọ̀nà kan) tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, kí o wá ṣe dot product òun àti ohun tí gyroscope kà (sọ nọ́ńbà wọn di púpọ̀ ní méjì méjì, kí o ro wọ́n pọ̀). Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa jáde: bí fóònù ṣe ń yára yí lórí òpó tó dúró gbọnrangandan. Ká pè é ní Y. Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, forehand (gbígbá láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó mú rákẹ́ẹ̀tì) tó ń bọ̀ níwájú máa ń fún Y ní àmì +, nítorí pé ọ̀tún ni apá ti ń yí bọ̀ sí òsì. Gbígbé apá sẹ́yìn fún forehand, àmì − ni. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí, kò sì tíì parí o, torí pé backhand (gbígbá láti ẹ̀gbẹ́ kejì) tó ń bọ̀ níwájú, àmì − lòun náà. Lójú sẹ́ńsọ̀, mímúra fún forehand àti gbígbá backhand gangan, ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹni tó bá ní kí sẹ́ńsọ̀ nìkan ya wọ́n sọ́tọ̀ á pẹ́ lórí ẹ̀.

Géèmù ló mọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀, òun ni kó dá sí i. Má jẹ́ kí ìfì kankan wọlé àfi tó bá ku 250 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì) kí bọ́ọ̀lù dé ibi tí wọ́n ti máa gbá a, títí di 150 ms lẹ́yìn tó bá kọjá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti máa ń gbé apá sẹ́yìn tán kí àkókò yẹn tó dé, èyí nìkan á sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà rẹ kúrò. Fún àwọn tó ń múra pẹ́, fi ìwọ̀n méjì sí ẹnu ọ̀nà. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lọ́wọ́ forehand, Y tó ní àmì + á wọlé ní dígíríì 320 ní sẹ́kọ́ńdì, èyí tó ní àmì − ò ní wọlé àfi tó bá dé 600. Apá tó ń lọ sẹ́yìn kì í sábà yára: 200 sí 350 ló máa ń wà. Má ti àmì − pa pátápátá, nítorí ẹni tó bá pinnu pé backhand lòun máa fi gbá bọ́ọ̀lù yẹn lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ọ̀nà backhand, pààrọ̀ ìwọ̀n méjèèjì. Fún ọlọ́wọ́ òsì, yí gbogbo àmì padà, kí o sì bi wọ́n léèrè ọwọ́ tí wọ́n ń lò kí eré tó bẹ̀rẹ̀; má ṣe méfò.

Nígbà tí ìfì kan bá ti wọlé, ti ilẹ̀kùn, má sì ṣí i títí Y á fi wà lábẹ́ 120 fún 80 ms gbáko. Bí o bá fi 320 ṣí i tí o tún fi 320 tì í, nọ́ńbà á máa fò sókè sódò lórí ìlà yẹn, ìfì kan á sì di méjì.

Má dúró de ṣónṣó ìfì. O ò lè mọ ṣónṣó àfi tó bá ti kọjá, o sì máa fi 60 sí 100 ms ṣòfò lórí ìdúró yẹn. Gba àkókò ìfì sílẹ̀ bó ṣe kọjá ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà, kí o wá máa ṣọ́ ṣónṣó fún agbára nìkan. Bí bọ́ọ̀lù ò bá tíì dé, o ráyè ka ṣónṣó rẹ tán. Bó bá ti dé, wo bí Y ṣe gòkè láàárín kíkà méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí o fi díwọ̀n agbára.

Rákẹ́ẹ̀tì tó ń yà: gyroscope tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí tábìlì kì í ka òdo. Bí àṣìṣe rẹ̀ bá jẹ́ dígíríì 0.5 ní sẹ́kọ́ńdì, tí o ń rò ó pọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, dígíríì 60 nìyẹn; ògiri ló sì máa kọjú sí lóòótọ́. Accelerometer lè bá ẹ tún ìdagun sókè àti sí ẹ̀gbẹ́ ṣe, kò lè tún yíyà sọ́tùn-ún sósì ṣe, nítorí pé òòfà ilẹ̀ ò mọ ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Ṣe nǹkan méjì. Nígbàkígbà tí fóònù bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìdajì sẹ́kọ́ńdì, ka àṣìṣe yẹn, kí o máa yọ ọ́ kúrò. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: má ṣe rò ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfì kọ̀ọ̀kan. Ìfì kan ò pẹ́ ju 0.4 sẹ́kọ́ńdì lọ, àṣìṣe 0.5 yẹn ò sì ní ju dígíríì 0.2 lọ níbẹ̀. Láàárín ìfì méjì, fi rákẹ́ẹ̀tì ojú skíríìnì sí ipò ìdúró tí o bá fẹ́; ojú bọ́ọ̀lù ni gbogbo èèyàn ń wò.

Ohun kan tó ń dójú tini: má ṣe gba ọ̀nà òkè lọ́wọ́ accelerometer nígbà tí ìfì ń lọ lọ́wọ́. 117 m/s² ti bo 9.8 mọ́lẹ̀. Di èyí tí o kà kẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀ mú, kí o máa fi gyroscope yí i lọ.

---

Wáyà_Òfuurufú

Ẹ̀gbọ́n ti tán ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìdádúró.

Ẹ gbé iṣẹ́ dídá ìfì mọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e sórí fóònù. Bí ẹ ṣe ń ṣe é báyìí, nọ́ńbà 60 ló ń gba Wi-Fi kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kan, WebSocket sì ń lo TCP: bí ẹyọ kan bá sọnù lọ́nà, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró dè é, wọ́n á wá dé lẹ́ẹ̀kan náà gììrì. Bí fóònù fúnra rẹ̀ bá dá ìfì mọ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa jẹ́: “ìfì 37, àkókò báyìí, àmì +, Y báyìí”. Ẹ fi WebRTC data channel (ọ̀nà míì tí bíráúsà ń gbà ránṣẹ́ tààrà) rán an, pẹ̀lú ordered: false àti maxRetransmits: 0, ìyẹn ni pé kò ní dúró de èyí tó wà níwájú, kò sì ní tún èyí tó sọnù rán. Nítorí pé ẹyọ kan tó bá sọnù ti lọ nìyẹn, ẹ rán an lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú nọ́ńbà 37 kan náà. Kọ̀ǹpútà á gba èyí tó bá kọ́kọ́ dé, á sì da ìyókù nù. Ṣónṣó lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ohun tí kọ̀ǹpútà máa fún fóònù ni ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀ àti àkókò tó máa dé, kí fóònù lè lo ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n sọ.

Aago méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Kí kọ̀ǹpútà rán iṣẹ́ sí fóònù bí ìgbà mẹ́wàá, kí fóònù máa dá a padà pẹ̀lú àkókò tirẹ̀. Ẹ mú èyí tó yára lọ tó yára bọ̀ jù nínú wọn, ẹ pín àkókò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sí méjì. Ẹ má mú ìpíndọ́gba, nítorí ẹyọ kan tó bá pẹ́ á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún un ṣe láàárín géèmù kọ̀ọ̀kan.

Tẹlifíṣọ̀n ló wà nídìí wàhálà kejì yín. Ó ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, ohun tí ẹni tó ń ṣeré sì ń rí ti kọjá nínú géèmù. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fi 80 ms pẹ́, ẹni tó fì í ní àkókò tó péye lójú ara rẹ̀ ti pẹ́ ní 80 ms lójú géèmù. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n tan game mode orí tẹlifíṣọ̀n (ètò tó ń dín àtúnṣe àwòrán kù), ẹ wá wọn ohun tó bá kù. Ẹ fi bọ́ọ̀lù kan tó ń ta sókè sódò sójú skíríìnì, kí wọ́n fi àtàǹpàkò kan fóònù nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kanlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ da mẹ́ta àkọ́kọ́ nù, ẹ to ìyókù láti kékeré dé ńlá, ẹ mú ti àárín. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa yọ kúrò nínú àkókò ìfì gbogbo. Ẹ pa ohùn mọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìwọ̀n yìí, nítorí spíkà Bluetooth ní ìdádúró tirẹ̀, etí á sì ṣi ojú lọ́nà.

Iṣẹ́ tó bá dé láti fóònù, ìgbà tó ti kọjá ló ń sọ. Ẹ máa tọ́jú ipò bọ́ọ̀lù fún 300 ms sẹ́yìn, kí ẹ lè wo ibi tó wà nígbà tí wọ́n fì í gan-an. Bó bá tọ́, ẹ gbá a láti ibi tó wà báyìí, kí ẹ sì fi 100 ms tẹ ọ̀nà rẹ̀ bọ́ sí ibi tó yẹ. Ojú ò ní rí i.

Ní ti ibi tí bọ́ọ̀lù máa lọ, ẹ jẹ́ kí àkókò pinnu rẹ̀. Fún forehand ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ìfì tó yá jù ń gbé bọ́ọ̀lù sí òsì, èyí tó pẹ́ ń gbé e sí ọ̀tún, bó ṣe rí lórí pápá gidi. Láti −150 ms dé +150 ms, ẹ lè nà án láti dígíríì −25 dé +25.

---

Ìyá_Géèmù

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Wáyà_Òfuurufú sọ àfi dígíríì 25 yẹn. Pápá tẹ́nìsì gùn ní mítà 23.77, fífẹ̀ rẹ̀ fún eré ẹnì kan sí ẹnì kan jẹ́ 8.23. Ẹni tó dúró láàárín ìlà ẹ̀yìn, bó bá gbá bọ́ọ̀lù sí igun pápá kejì, kò yà ju dígíríì 10 lọ. Láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́, nǹkan bíi 19 ni. Dígíríì 25 láti àárín, ìta ni bọ́ọ̀lù máa já sí ní gbogbo ìgbà, àwọn èèyàn á sì máa sọ pé géèmù ń rẹ́ wọn jẹ. Ẹ má fi àkókò pinnu dígíríì. Ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí ni kó pinnu: láti mítà 3.6 ní òsì ìlà àárín dé 3.6 ní ọ̀tún, kí ìdajì mítà ṣẹ́ kù sí ìlà ẹ̀gbẹ́. Ẹ lò ó láàárín −110 àti +110 ms. Èyí tó bá kọjá ìyẹn dé 150, ẹ jẹ́ kó jáde síta, kí ẹni tó gbá a mọ̀ pé òun ló pẹ́ tàbí yá jù. Ẹ wá ṣírò ìdagun láti ibi tí ẹni náà dúró sí.

Ẹ dín eré bọ́ọ̀lù kù pẹ̀lú. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń fi 0.86 sẹ́kọ́ńdì jẹ gígùn pápá. Nínú ìyẹn, ojú á kọ́kọ́ rí i, apá á lọ sẹ́yìn, á tún padà bọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nílò sẹ́kọ́ńdì 1.3 sí 1.5 láàárín gbígbá kan sí èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn nǹkan bíráúsà tó máa dá yín dúró: sẹ́ńsọ̀ ò ní ṣí lórí http lásán, HTTPS (ọ̀nà tó ní ààbò) ni dandan, ìyẹn sì kan àdírẹ́sì 192.168 inú ilé yín. Lórí iPhone láti iOS 13, ẹ gbọ́dọ̀ pe DeviceMotionEvent.requestPermission (èyí tó ń tọrọ àyè láti lo sẹ́ńsọ̀) nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Bí ojú ìwé bá pè é fúnra rẹ̀, kò ní gbà. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí skíríìnì kọjú sókè: Android á ka z ní +9.8, iPhone á ka −9.8. Ẹ fi èyí mọ àmì tí ẹ máa yí padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo forehand ẹni tó ní iPhone á di backhand. Níbẹ̀ náà, ẹ yí fóònù bí ẹni ń yí ìdérí ìgò, kí ẹ wo èyí tó gbéra nínú alpha, beta àti gamma, nọ́ńbà mẹ́ta tí bíráúsà fi ń sọ bí fóònù ṣe ń yí. Ẹ má gba orúkọ wọn gbọ́ láìtíì fi ọwọ́ dán an wò. Ẹ lo wakeLock kí skíríìnì má bàa sùn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú ìwé dúdú, láìsí bọ́tìnnì kankan nígbà eré, torí àtàǹpàkò ò ní yé fọwọ́ kàn án.

Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kò ní gyroscope rárá. rotationRate, ìyẹn kíkà yíyí fóònù, á jẹ́ null (òfo) lórí wọn. Ẹ sọ ọ́ fún olúwa rẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ má ṣe dọ́gbọ́n fi accelerometer rọ́pò, torí kò ní bá àwọn tó kù dọ́gba.

Ẹ jọ̀ọ́, okùn ọwọ́ ńkọ́? Nintendo fúnra rẹ̀ pààrọ̀ okùn ọwọ́ Wii sí èyí tó nípọn jù lóṣù December 2006, lọ́dún 2007 ó tún fi àwọ̀ rọ́bà bo ẹ̀rọ náà lára. Fóònù ò ní okùn, ó ń yọ̀, owó ńlá sì ni. Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé kí wọ́n lo àpò fóònù tó ní okùn ọwọ́, kí wọ́n sì jìnnà sí ẹlòmíràn ní mítà méjì. Iṣẹ́ yín ni láti kọ géèmù náà kó má béèrè agbára: bí ìfì tó yára bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ju ìfì jẹ́jẹ́ tó bọ́ sákòókò lọ, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ju fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

---

Ọmọ_Kóòdù

Ẹ ṣeun gan-an, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbé dídá ìfì mọ̀ sórí fóònù, gbígbé apá sẹ́yìn ò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ìbéèrè kan ló kù: ṣónṣó Y àgbàlagbà kan dé 1,100, ti ọmọ ọdún méje ò ju 290 lọ. Ìfì ọmọ náà ò lè dé 320 láéláé. Ṣé kí n fa ìwọ̀n wálẹ̀ fún gbogbo èèyàn? Ẹ jọ̀wọ́, topspin (bọ́ọ̀lù tó ń yí síwájú bó ṣe ń lọ) náà ńkọ́?

---

Àgbà_Sẹ́ńsọ̀

Rárá, má fà á wálẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Bí o bá fi í sí 100, apá àgbàlagbà tó ń lọ sẹ́yìn á tún máa gbá bọ́ọ̀lù. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan fì í lẹ́ẹ̀mẹta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí o mú ṣónṣó ti àárín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká pè é ní P. Ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà á jẹ́ 0.35 lọ́nà P, ti òdìkejì á jẹ́ 0.65 lọ́nà P, ìwọ̀n ìtìpa á jẹ́ 0.13 lọ́nà P. Fún ọmọ yẹn, nǹkan bíi 100, 190 àti 38 ni. Má jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà lọ sábẹ́ 80, torí gbígbọ̀n ọwọ́ lásán lè débẹ̀. Agbára náà, fi P pín in: ṣónṣó tó bá dé P ni agbára kíkún, èyí tó bá kọjá P ò gba àfikún kankan. Ọ̀nà yìí kan náà á gba ẹni tó jókòó, tó ń fi ọrùn ọwọ́ nìkan fì í.

---

Ìyá_Géèmù

Topspin: ẹ wo yíyí fóònù lórí gígùn ara rẹ̀, láti 60 ms ṣáájú ṣónṣó dé 40 ms lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ mú ìpíndọ́gba. Ẹ fi í sí ọ̀nà mẹ́ta péré: bí rákẹ́ẹ̀tì bá ń bojú wolẹ̀ ju dígíríì 250 ní sẹ́kọ́ńdì lọ, topspin, bó bá ń ṣíjú sókè ju 250 lọ, slice (bọ́ọ̀lù tó ń yí sẹ́yìn), gbogbo ohun tó wà láàárín, bọ́ọ̀lù gbọọrọ. Bí ẹ bá gbìyànjú láti fún un ní ìwọ̀n tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń ṣeré ò ní mọ ìdí tí bọ́ọ̀lù òun fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe, torí pé kò sí ẹni tó ń yí ọrùn ọwọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ohùn gbígbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀, kí fóònù Android sì gbọ̀n fún 30 ms nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan rákẹ́ẹ̀tì. Bíráúsà iPhone kì í gbọ̀n, ẹ fi ohùn láti inú fóònù fúnra rẹ̀ dípò.

Kí ẹ tó kọ ìlà kan nínú èyí, ẹ fi bọ́tìnnì kan sí i tó ń tọ́jú gbogbo kíkà sẹ́ńsọ̀ sínú fáìlì: àkókò, nọ́ńbà mẹ́fà, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀. Ẹ gba ìfì 50 lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún, kí ọlọ́wọ́ òsì kan wà nínú wọn ó kéré tán. Nígbàkígbà tí ẹ bá yí ìwọ̀n kan padà, ẹ tún mú fáìlì yẹn gba inú kóòdù kọjá, kí ẹ ka iye ìfì tó sọnù àti iye èyí tó wọlé láìyẹ. Ẹ fi fáìlì náà síbí tí ẹ bá gbà á tán, a ó jọ wò ó.